Ọmọdé, Ẹbí àti Àgbàlagbà Tí Àrùn Ìgbàgbé Ń Bá Jà

Ní ọ̀pọ̀ agboolé wa, ọmọdé ni ó kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé nǹkan ti yí padà lára ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà. Òun ni a ń rán pé kí ó lọ pè wọ́n wá jẹun. Òun ni ó ń gbọ́ tí wọ́n ń béèrè ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun náà ni wọ́n ń fi orúkọ ẹni tí ó ti kú pè. Bí àwọn àgbà ilé bá sọ fún ọmọ náà pé ìyá ń ṣarán, yóò máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá sọ fún un pé àjẹ́ ni ìyá, yóò máa sá fún wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣàlàyé fún un pé àìsàn ni, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní ohun tí ó lè ṣe, ọmọ náà yóò di olùrànlọ́wọ́ tí ó níye lórí fún ìyá àti fún gbogbo ilé.

Ohun tí ìwé yìí wà fún nìyẹn. A fẹ́ kí ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí àrùn ìgbàgbé jẹ́, kí ẹ sì mọ bí ilé-ìwé àti ẹbí ṣe lè fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti ran àwọn àgbàlagbà àdúgbò lọ́wọ́ láìgba owó, láìsí ewu fún ọmọ tàbí fún àgbà.

KÍ NI ÀRÙN ÌGBÀGBÉ?

Gbogbo ènìyàn ni ó ń gbàgbé nǹkan. Àgbàlagbà tí ó wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí, tí ó sì rí i nígbẹ̀yìn, kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí a ń fi í ṣe. Bí ó bá ṣìnà láti ọjà tí ó ti ń ná fún ogójì ọdún. Bí ó bá ń gbé ìkòkò kaná tí kò sì rántí mọ́ títí ilé fi kún fún èéfín. Bí kò bá mọ owó kà mọ́, tàbí tí ìwà rẹ̀ yí padà pátápátá, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ogbó lásán. Èyí ni à ń pè ní àrùn ìgbàgbé. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é ní dìmẹ́ńṣíà.

Oríṣìí rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni àrùn Alzheimer. A fi sọ orí Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1906, lẹ́yìn tí ó ti yẹ ọpọlọ obìnrin kan tí ó ti tọ́jú rí wò nígbà tí ó kú. Nínú irú àrùn yìí, àwọn èròjà kan a máa gbá jọ sínú ọpọlọ, àwọn ẹ̀yà tín-tìn-tín tí ó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ a sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Oríṣìí mìíràn wá láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá ti ba àwọn iṣan kéékèèké inú ọpọlọ jẹ́, tàbí tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ti kọlu ènìyàn, ìrántí àti òye rẹ̀ lè dín kù.

ǸJẸ́ Ó WÀ LÁÀÁRÍN ÀWA YORÙBÁ?

Àwọn kan gbà pé àìsàn àwọn òyìnbó ni. Ìwádìí ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun jẹ́ aṣáájú wọn, àti àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàárín àwọn ará Ìdíkàn ní ìlú Ìbàdàn tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé ìlú Indianapolis. Ní ọdún 1995, wọ́n gbé àbájáde jáde pé 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ti Ìbàdàn ni ó ní àrùn ìgbàgbé, nígbà tí ó jẹ́ 4.82 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn ará Indianapolis tí ń gbé nílé ara wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé àrùn náà kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó bí ó ti wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Èkejì ni pé ó wà lọ́dọ̀ wa, láàárín agboolé, kì í ṣe ní òkè òkun nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2021, mílíọ̀nù 57 ènìyàn ni ó ní àrùn ìgbàgbé ní gbogbo ayé, àti pé iye tí ó lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré tàbí tí ó mọ níwọ̀n. Bí ẹ̀mí àwọn ènìyàn wa ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tí àrùn yìí yóò bá jà yóò máa pọ̀ sí i.

KÌ Í ṢE ÀJẸ́, KÌ Í ṢE ÈPÈ

Ibi tí àìmọ̀ ti ń pa ènìyàn nìyí. Ìyá arúgbó kan jí lóru, ó rò pé ilẹ̀ ti mọ́, ó sì jáde lọ sí ọjà tí kò ná mọ́ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí i lójúde ẹlòmíràn láìwọ bàtà, kò sì lè sọ bí ó ṣe dé ibẹ̀. Àwọn ènìyàn pé jọ, wọ́n ní ẹyẹ ni ó já bọ́. Wọ́n bi í pé, "Ṣé ìwọ ni o pa ọmọ lágbájá?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́.

Kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ẹni tí ìrántí rẹ̀ ti lọ, tí ẹ̀rù sì ń bà, lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ohunkóhun tí a bá bi í, kí wọ́n lè fi í sílẹ̀. Ọpọlọ tí ó ṣófo a sì máa wá ìtàn tí yóò fi dí àlàfo náà, láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pẹ̀lú pé abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tí ó ti kọ́ nípa àrùn yìí ní ilé-ìwé lè jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún ogunlọ́gọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ara ìyá yìí kò yá ni. Mo mọ ilé wọn." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà lè gba ẹ̀mí là.

OHUN TÍ Ó Ń LỌ ÀTI OHUN TÍ Ó Ń KÙ

Àrùn ìgbàgbé kì í kó gbogbo nǹkan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tuntun ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ. Àgbàlagbà lè má rántí oúnjẹ tí ó jẹ láàárọ̀, kí ó sì sọ ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí nìyí tí ó fi ń béèrè ohun kan náà léraléra. Kì í ṣe pé ó fẹ́ yọ ènìyàn lẹ́nu. Ìdáhùn tí a fún un kò rí ibi dúró sí nínú ọpọlọ rẹ̀ ni.

Ohun tí ó pẹ́ kí ó tó lọ ni orin, oríkì, àdúrà tí a ti ń gbà láti kékeré, àti iṣẹ́ tí ọwọ́ ti mọ̀. Ẹni tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ lè máa bó ẹ̀gúsí, kí ó máa ran òwú, kí ó di irun, tàbí kí ó ta ayò kí ó sì jẹ. Ohun mìíràn tí ó ń kù ni ìmọ̀lára. Ìyá lè gbàgbé pé ọmọ kan wá kí òun, ṣùgbọ́n ayọ̀ tí ọmọ náà mú wá lè wà lára rẹ̀ di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìbànújẹ́ tí ìjágbemọ́ni mú wá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Kí ni mo ń lọ ṣe lọ́dọ̀ wọn? Wọn kò ní rántí."

OHUN TÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN TI ṢE

Kì í ṣe àwa ni a óò kọ́kọ́ kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù, níbi tí àwọn arúgbó ti pọ̀ gan-an, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2005 láti kọ́ àwọn ará ìlú ní ohun tí àrùn ìgbàgbé jẹ́ àti bí a ṣe ń hùwà sí ẹni tí ó ní i. Ẹ̀kọ́ náà kì í gùn ju wákàtí kan ààbọ̀ tàbí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì ń kọ́ ọ, oníṣòwò ń kọ́ ọ, àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà sì ń kọ́ ọ. Àwọn tí ó ti gba ẹ̀kọ́ yìí ti lé ní mílíọ̀nù 10. Ní ìlú Omuta, láti ọdún 2004 ni àwọn ará ìlú ti ń ṣe ìdánrawò bí a ṣe ń wá àgbàlagbà tí ó ṣìnà àti bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń kópa nínú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi owó àti ètò ṣe níbẹ̀, a ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú àṣà wa: agboolé, ìkíni, oríkì àti àlọ́. Ohun tí ó kù ni ìmọ̀ àti ètò.

BÍ ỌMỌ ṢE LÈ BÁ ÀGBÀLAGBÀ SỌ̀RỌ̀

Kí ọmọ wá láti iwájú, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ojú rẹ̀ bá ojú àgbà. Kí ó sọ orúkọ ara rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Kí ó lo gbólóhùn kúkúrú, kí ó sì dúró de ìdáhùn. Àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí yóò ràn wá lọ́wọ́.

Bí ìyá bá ní, "Ta ni ọ́?", kí ọmọ má ṣe sọ pé, "Ṣé ẹ ti gbàgbé mi ni? Ṣebí mo wá lọ́sẹ̀ tí ó kọjá!" Kí ó sọ pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Èmi Àdùkẹ́ ni, ọmọ Ìyá Alákàrà tí ó wà lójúde yín. Mo wá bá yín ṣa ẹ̀wà ni."

Bí ìyá bá ní, "Ṣé bàbá yín ti ti oko dé?", nígbà tí bàbá náà ti kú tipẹ́, kí ọmọ má ṣe sọ ìròyìn ikú. Gbogbo ìgbà tí ìyá bá gbọ́ ọ ni yóò dà bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni ó ṣẹlẹ̀. Kí ọmọ sọ pé, "Àárò Bàbá ń sọ yín, Mà. Kí ni wọ́n máa ń gbìn lóko?" Ọ̀rọ̀ yóò yí sí ìtàn tí ó dùn mọ́ ìyá nínú.

Bí bàbá bá ní, "Ìwọ ni o kó owó mi", kí ọmọ má ṣe jiyàn, kí ó má sì sunkún. Kí ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí a jọ wá a." Kí ó pe àgbà tí ó wà nítòsí. Àrùn náà ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò rántí ibi tí ó fi nǹkan sí yóò rò pé wọ́n jí i ni.

Bí ìyá bá ní òun ń lọ sílé, tí ó sì jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni ó wà, kí a má ṣe tì í mọ́lé tàbí kí a fà á lọ́wọ́. Kí àgbà kan bá a rìn yí agboolé ká, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara rẹ̀ yóò balẹ̀, wọn yóò sì jọ padà wọlé.

BÍ ILÉ-ÌWÉ ÀTI ẸBÍ ṢE LÈ ṢÈTÒ RẸ̀

Ilé-ìwé, ilé-kéwú, ilé ìjọsìn tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò lè bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. A gbà yín nímọ̀ràn pé kí àwọn ọmọ tí yóò kópa ti tó ọdún 10.

1. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn. Ẹ pe nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò kí ó wá ṣàlàyé àrùn náà, kí àwọn ọmọ sì béèrè ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àrùn náà kì í ràn.

2. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí ọmọ àti ẹbí àgbàlagbà náà. Ẹ bi àgbàlagbà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá fẹ́ àlejò lọ́jọ́ kan, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

3. Kí ọmọ kankan má ṣe lọ ní òun nìkan. Kí wọ́n jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí olùkọ́ tàbí òbí kan sì wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

4. Kí ó jẹ́ àwọn ọmọ kan náà, ní ọjọ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀, fún ìṣẹ́jú 30 sí 60. Ohun tí ó bá ń wáyé bákan náà a máa fi ọkàn àgbàlagbà balẹ̀. Ẹ lọ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, nítorí pé ìdààmú ọ̀pọ̀ wọn a máa pọ̀ sí i bí ilẹ̀ bá ń ṣú.

5. Ẹ ní iṣẹ́ kan tí ẹ ó jọ ṣe: kí a ṣa ẹ̀wà, kí a bó ẹ̀gúsí, kí a ta ayò, kí a kọ orin àtijọ́, kí àgbà pa àlọ́ kí ọmọ gbè é. Bí ìtàn kò bá tò mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún un tò. Ẹ má ṣe dán ìrántí wọn wò.

6. Ohun tí a bá rí nínú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fóònù ya àwòrán wọn.

7. Bí ẹ bá dé, ẹ bi àwọn ọmọ bí ó ṣe rí lára wọn. Ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà, kí a má ṣe fi ipá mú un padà lọ.

Èrè ètò yìí pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, obìnrin kan ṣoṣo ni ó ń ṣe ìtọ́jú náà lọ́sàn-án lóru: ọmọbìnrin ilé tàbí ìyàwó ilé. Bí ó bá rí wákàtí kan láti sùn tàbí láti ná ọjà, agbára rẹ̀ yóò sọ jí. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

OHUN TÍ KÌ Í ṢE IṢẸ́ ỌMỌDÉ

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Ìrànlọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹrù. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé láti wẹ àgbàlagbà, láti gbé e, láti fún un ní oògùn, láti bọ́ ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tàbí láti ṣọ́ ọ lóru. A ti mọ àwọn ilé tí a ti dá ọmọ dúró, pàápàá ọmọbìnrin, kúrò ní ilé-ìwé kí ó lè máa ṣọ́ ìyá àgbà. Kò dára. Ìdí tí a fi ń pe ọ̀pọ̀ ọmọ àti ọ̀pọ̀ ẹbí jọ ni pé kí ẹrù náà má bàa wà lórí ọmọ kan ṣoṣo.

BÍ ÀGBÀLAGBÀ BÁ Ń ṢÌNÀ

Ẹ ran orúkọ ẹbí àti nọ́ńbà fóònù mọ́ inú etí aṣọ wọn. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tí ń tajà lójú títì àti àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá. Ọmọ tí ó bá rí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, kí ó kí i, kí ó má ṣe dì í mú, kí ó má sì pariwo. Kí ọmọ kan wà nítòsí rẹ̀, kí èkejì sáré lọ pe àgbà tí wọ́n mọ̀.

Ẹ LỌ SÍ ILÉ-ÌWÒSÀN

Kò tíì sí oògùn tí ó lè wo àrùn Alzheimer sàn pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó lè dín ìnira rẹ̀ kù fún ìgbà díẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ó jẹ́ àrùn tí kò ṣe é wò. Ìbànújẹ́ ọkàn, àìtó fítámì B12, àìṣiṣẹ́ dáadáa ẹṣẹ́ ọrùn tí à ń pè ní táírọ́ìdì, àwọn oògùn kan, àti ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sí agbárí lẹ́yìn ìṣubú lè fa ìgbàgbé, ìtọ́jú sì wà fún wọn. Bí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ẹ má ṣe dúró. Ó lè jẹ́ ibà, àrùn inú ìtọ̀, àìtó omi lára tàbí rọpárọsẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìlera tí ó súnmọ́ yín jù. Wọn yóò darí yín sí ilé-ìwòsàn ńlá bí ó bá yẹ. Ní UCH, Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè ti wà láti ọdún 2012. Bí wọ́n bá darí yín sí ilé-ìwòsàn bí irú ti Àrò ní Abẹ́òkúta, ẹ má ṣe bẹ̀rù ohun tí ayé yóò sọ. Àgbàlagbà tí kò kàwé náà ṣe é yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn ìdánwò kan wà tí kò gba ìwé kíkà.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé a lè dènà púpọ̀ nínú àrùn yìí tàbí kí a dá a dúró pẹ́. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wò, ẹ yẹra fún sìgá àti ọtí àmujù, ẹ máa rìn, ẹ tọ́jú etí tí kò gbọ́ràn dáadáa àti ojú tí kò ríran dáadáa, kí ẹ má sì jẹ́ kí àgbàlagbà máa dá nìkan jókòó. Rírán ọmọ lọ sí ilé-ìwé pàápàá wà lára ohun tí ń dáàbò bo ọpọlọ rẹ̀ di ọjọ́ ogbó.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Lọ́sẹ̀ yìí, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan bi kíláàsì rẹ̀ pé: "Àgbàlagbà wo ní àdúgbò yín ni ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò mọ́?" Kí òbí kọ̀ọ̀kan sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Láti ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.